Ìdérí Apá ní Ìpàdé Àwọn Ayígi

"Ta ló gbé ìdérí àpótí mi?"

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni Moṣọpẹ́ béèrè. Kò pariwo. Ọgọ́ta ènìyàn ló wà nínú gbọ̀ngàn náà, gbogbo wọn ló sì gbọ́. Ẹni tó ń jẹ ẹ̀pà dáwọ́ dúró. Ẹni tó ń fi fóònù ya àwòrán iṣẹ́ ẹlòmíràn sọ fóònù rẹ̀ kalẹ̀.

Lórí tábìlì kẹtàlá, níwájú ọmọbìnrin náà, ni àpótí kan wà. Igi apá ni wọ́n fi ṣe é. Ó rí róbótó, ó pọ́n bí epo tó ti pẹ́ nínú ìgò, ó sì tóbi tó àwo tí wọ́n fi ń gbé ẹ̀bà fún àgbàlagbà. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, àpótí náà ní ìdérí. Nígbà tí agogo kan ọ̀sán lù, kò ní in mọ́.

Ọjọ́ kejì ìpàdé àpapọ̀ àwọn ayígi ilẹ̀ Nàìjíríà ni. Ayígi kì í ṣe káfíńtà, kì í sì í ṣe agbẹ́gilére. Ayígi a gbé igi sórí ẹ̀rọ, ẹ̀rọ a máa yí igi náà bíi táyà, òun a sì fi irin ẹlẹ́nu mímú tì í, títí ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ yóò fi yọ jáde: ẹsẹ̀ àga, òpó àtẹ̀gùn, abọ́, àpótí róbótó. Lọ́dún yìí, Ìwó ni ìpàdé bọ́ sí. Wọ́n gba gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́ ìjọ Onítẹ̀bọmi kan, wọ́n to iṣẹ́ ọwọ́ gbogbo ènìyàn sórí tábìlì, wọ́n sì gbé ẹ̀rọ ìyígi tuntun kan síwájú gbọ̀ngàn, tòun ti ọ̀rá tí wọ́n fi wé e láti ilé iṣẹ́ tó ti wá. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ bá dára jù ni yóò gbé e lọ. Agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni àwọn adájọ́ yóò yí ká. Òfin wọn kò lọ́ rárá: àpótí tí kò bá ní ìdérí, wọn ò ní wò ó.

Ẹ̀rọ yẹn ni Moṣọpẹ́ torí rẹ̀ wá láti Ilé-Ogbó. Ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ kú nínú oṣù kẹta. Ogójì ọjọ́ rẹ̀ kò tíì pé tí àwọn ọmọ rẹ̀ fi ta ẹ̀rọ rẹ̀. Àpótí yìí ni ohun ìkẹyìn tí Moṣọpẹ́ yí lórí ẹ̀rọ náà kí wọ́n tó tà á. Ó sì ti ṣèlérí fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin pé bí òun kò bá gbé ẹ̀rọ bọ̀ láti Ìwó, òun yóò wá jókòó ti máṣíìnì ìránṣọ ní ìsọ̀ rẹ̀ ní ọjọ́ Ajé, òun kò sì ní dárúkọ igi mọ́.

Akọ̀wé ẹgbẹ́, Ọ̀gbẹ́ni Oyèdàmọ́lá, ló kọ́kọ́ rí ọ̀rọ̀ sọ.

"Ẹ ti géètì," ló wí. "Ẹ tú àpò gbogbo wa. Tèmi ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀."

Ó da àpò rẹ̀ sílẹ̀ níwájú wọn: irin ìfági mẹ́rin, sáńpépà, ìgò omi, Bíbélì kékeré. Wọ́n tú ọgọ́ta àpò. Wọn kò rí ìdérí. Ìgbà náà ni ojú gbogbo wọn yí sí Mikail, olùṣọ́ gbọ̀ngàn, ọmọ Olúpọ̀nnà, nítorí ọwọ́ rẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ wà. Ẹnì kan ti dì í mú ní ọrùn ẹ̀wù nígbà tí ọ̀kadà kan dúró lẹ́nu géètì, tí Ìnsípẹ́kítọ̀ Mujeebah Rájí, ọlọ́pàá tí wọ́n ti ránṣẹ́ pè, sì sọ̀ kalẹ̀.

Obìnrin kúkúrú ni, ó wọ híjáàbù aláwọ̀ eérú, ọyẹ́ sì ti fi eruku kun awò ojú rẹ̀. Ó yọ awò náà, ó nù ún, ó tún un fi sójú, ó wá wo ọwọ́ tó wà lọ́rùn Mikail.

"Ẹ fi ẹ̀wù rẹ̀ sílẹ̀," ló wí. "Bí ẹ bá ya á, ẹ̀sùn á di méjì, ọ̀kan ni wọ́n pè mí fún."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ọwọ́ náà sì fi ẹ̀wù sílẹ̀.

Bàbá Àyàntúndé, olórí àwọn adájọ́, fi ọ̀pá rẹ̀ rìn dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ìnsípẹ́kítọ̀ kúnlẹ̀ kí i.

"Dìde, ọmọ mi. Wò ó, agogo mẹ́rin la ó yẹ iṣẹ́ wò. Mi ò lè sún un síwájú. Àwọn ará Kánò àtàwọn ará Bìní ní ọkọ̀ láti bá."

"Mo gbọ́, bàbá. Kí ni aago wí báyìí?"

"Ó ku ogún ìṣẹ́jú kí agogo méjì lù."

"Ó tó," ni Mujeebah wí. Moṣọpẹ́ wo ojú rẹ̀ bóyá òótọ́ ló ń sọ. Kò rí nǹkan kan níbẹ̀ ju eruku lọ.

*

Ẹ̀yìn gbọ̀ngàn ni Mujeebah mú Mikail lọ, níbi tí afẹ́fẹ́ ọyẹ́ ti ń gbá ewé gbígbẹ kiri.

"Mikail, kí lo jẹ lọ́sàn-án?"

"Ẹ̀n-ẹ́n?"

"Oúnjẹ. Kí lo jẹ?"

Mikail ti ń to ọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́ lọ́kàn láti ìgbà tí wọ́n ti dì í mú. Kò sí ìdáhùn kankan nílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ oúnjẹ. "Ìrẹsì àti ẹ̀wà ni wọ́n pín, ọ̀gá mi. Ẹran tèmi kéré. Mo bá ìyá tó ń bù ú sọ ọ́, ó ní kí n lọ wo irú ẹran tí olùṣọ́ máa ń jẹ níbòmíràn."

"Ibo lo ti jẹ ẹ́?"

"Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé jẹnẹrétọ̀. Mo ti ti ilẹ̀kùn iwájú gbọ̀ngàn nígbà tí wọ́n jáde lọ jẹun, tí àwọn tó fẹ́ kírun sì lọ kírun. Àmọ́ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn yìí kò ní kọ́kọ́rọ́. Mo ti sọ fún akọ̀wé láti ọjọ́ Ajé. Ó ní àwọn ayígi kì í ṣe olè."

Mujeebah ti ilẹ̀kùn náà pẹ̀lú ìka kan. Ó ṣí. "Ta lo rí níbí?"

"Mo rí bọ̀dá ará Ìbàdàn yẹn, Adédìpẹ̀. Ó gbé nǹkan sábẹ́ ẹ̀wù, ó ń rìn bí ẹni tó gbé ẹyin."

"O sọ fún wọn?"

"Ọ̀gá mi, ẹni tí wọ́n dì lọ́rùn mú, ṣé ẹnu rẹ̀ ló máa fi dárúkọ ẹlòmíràn? Wọ́n á ní mò ń pa irọ́ mọ́ ọn."

Wọ́n padà wọlé. Ìnsípẹ́kítọ̀ dúró ti tábìlì kẹtàlá fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n ti na ọ̀rá tín-ínrín kan bo ẹnu àpótí náà, wọ́n sì fi rọ́bà dè é yí ká dáadáa.

"Moṣọpẹ́, ìwọ lo so ọ̀rá yìí?"

"Rárá, mà. Bí mo ṣe bá a nígbà tí mo dé láti ibi oúnjẹ nìyẹn."

"Mikail, wá. Kí lo rò pé wọ́n so ọ̀rá mọ́ ọn fún?"

Mikail tẹ orí sílẹ̀, ó ronú gidi. "Kí eṣinṣin má baà wọ inú rẹ̀?"

"Ṣé o ti rí eṣinṣin nínú ọyẹ́ yìí?"

"Rárá o, mà."

"Lọ jókòó ti jẹnẹrétọ̀ rẹ. Ẹnikẹ́ni tó bá tún di ẹ̀wù rẹ mú, pè mí."

*

Abẹ́ igi fúrúùtù nínú ọgbà ni wọ́n gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ṣe àfihàn sí. Ọ̀gbẹ́ni Oyèdàmọ́lá ló fẹ́ fi han àwọn tó kéré sí i bí wọ́n ṣe ń parí ìdí abọ́. Ó ga, ó tinrin, ọwọ́ rẹ̀ gùn bí ẹsẹ̀ àga tó máa ń yí. Abọ́ igi ìrókò kékeré kan ti wà lórí ẹ̀rọ, ó dojú kọ ọwọ́ òsì, ìdí rẹ̀ wà lọ́wọ́ ọ̀tún.

"Ẹ ò ní dá iṣẹ́ dúró fún ọ̀rọ̀ tó ṣẹlẹ̀ yìí, bọ̀dá?"

"Màdáàmù, bí gbogbo wa bá jókòó tí à ń wo ara wa, ìjà ló máa dé. Kí wọ́n rí nǹkan wò ló dáa."

"Òótọ́ ni. Kí lẹ jẹ lọ́sàn-án?"

"Mi ò tíì jẹ nǹkan kan. Ẹ̀rọ ni mò ń tò." Ó fi ẹsẹ̀ tọ́ka sí ike oúnjẹ tó wà nílẹ̀, tí wọn ò tíì ṣí.

"Ẹ̀yin wá ńkọ́, kí lẹ rò nípa ọmọbìnrin yìí?"

Oyèdàmọ́lá nu irin ọwọ́ rẹ̀. "Ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Mi ò ní purọ́ fún yín. Àmọ́ kò gba fíríídọ̀ọ̀mù. Ọ̀gá rẹ̀ kú kó tó dá a sílẹ̀. Ọdún méje ni èmi fi sin ọ̀gá mi, mo fọ aṣọ rẹ̀, mo gbé ọmọ rẹ̀ lọ sílé ìwé, kí wọ́n tó gbàdúrà lé mi lórí níwájú gbogbo ẹgbẹ́. Mo sọ ọ́ ní ìpàdé ìgbìmọ̀ pé kò yẹ kí ẹni tí wọn ò tíì dá sílẹ̀ bá wa du nǹkan. Wọ́n dìbò, wọ́n borí mi. Ó tán."

"Ó tán," ni Mujeebah tún sọ tẹ̀lé e.

Oyèdàmọ́lá pe Mikail kó tan jẹnẹrétọ̀. Ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Agogo méjì lù.

*

Adédìpẹ̀ ti sanra díẹ̀, ó sì mọ̀ ọ́n sọ. Gbogbo ènìyàn ló gbà pé bí kì í bá ṣe ti Moṣọpẹ́, iṣẹ́ tirẹ̀ ni yóò gbé ipò kìíní. Òun náà ti mọ̀ pé ìdí nìyẹn tí ọlọ́pàá fi ń bọ̀ lọ́dọ̀ òun, ó sì ti rẹ́rìn-ín sílẹ̀ dè é.

"Ìnsípẹ́kítọ̀ wa! Ẹ bi mí ní ohunkóhun."

"Kí lẹ jẹ lọ́sàn-án?"

"Oúnjẹ? Jọ̀lọ́ọ̀fù ni."

"Ó dùn?"

"Ó dùn, ẹ gbà mí gbọ́! Wọ́n fi ẹran sí i dáadáa."

"Mikail á fẹ́ gbọ́ ìyẹn," ni Mujeebah wí. "Ìrẹsì àti ẹ̀wà ni wọ́n pín, bọ̀dá. Ẹ ò sí níbẹ̀. Ẹ jẹ́ ká rìn lọ sí ẹ̀yìn gbọ̀ngàn."

Ẹ̀rín náà kúrò lójú rẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n pa iná.

Lẹ́yìn gbọ̀ngàn, nítòsí ẹ̀rọ omi tí kò yọ omi, Mujeebah bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Eruku pupa kan wà lórí sìmẹ́ǹtì níbẹ̀, ó lẹ́búlẹ́bú bí ìyẹ̀fun. Sáńpépà tó ti gbó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àti ìdérí ìgò gọ́ọ̀mù. Ó fi ìka kó díẹ̀ nínú eruku náà, ó fi í hàn án.

"Igi wo nìyí?"

Adédìpẹ̀ fi bàtà ti ìdérí gọ́ọ̀mù náà sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Mi ò mọ igi, àmọ́ mo mọ àwọ̀. Àwọ̀ àpótí orí tábìlì kẹtàlá ni. Ẹ̀yin ló lọ ìdérí rẹ̀ di eruku?"

"Háà!" Ọkùnrin náà gbé ọwọ́ méjèèjì sórí. "Kí n lọ ìdérí yẹn? Kí n fi sáńpépà lọ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀? Màdáàmù, ẹ bú mi, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀."

"Kí ni eruku yìí wá jẹ́?"

Ó wo apá ọ̀tún, ó wo apá òsì, ó wá ki ọwọ́ sẹ́yìn táńkì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ omi náà, ó yọ ìdì aṣọ kan jáde. Ó tú u. Abọ́ apá ńlá kan ni, tirẹ̀ gan-an, èyí tí gbogbo ènìyàn rò pé ó wà lórí tábìlì kẹrin lábẹ́ aṣọ ìbora. Ọyẹ́ ti là á. Ìlà kan gbà láti ẹnu rẹ̀ dé ìdajì ikùn rẹ̀. Ó ti po eruku apá mọ́ gọ́ọ̀mù, ó sì ti fi dí ìdajì ojú ìlà náà.

"Àárọ̀ yìí ló là," ni ó wí, ohùn rẹ̀ sì ti lọ sílẹ̀. "Bí a bá fi eruku igi kan náà dí i, kò ní hàn sí ojú ẹni tí kò bá mọ̀. Àmọ́ òfin ni pé iṣẹ́ tí a bá tún ṣe kò ní wọlé. Wọn ì bá yọ mí. Ti ara mi ni mò ń bò, màdáàmù, mi ò mú ti ẹlòmíràn."

Mujeebah gba abọ́ náà, ó yí i wò, ó dá a padà. Ó gbà á gbọ́. Ẹni tó bá fẹ́ jí ìdérí kò ní lo gbogbo àkókò oúnjẹ láti máa po gọ́ọ̀mù.

"Ẹ sọ nǹkan kan fún mi. Ẹni tó mú ìdérí yẹn so ọ̀rá mọ́ ẹnu àpótí. Kí nìdí?"

Ojú Adédìpẹ̀ là. "Ó so ọ̀rá mọ́ ọn?"

"Pẹ̀lú rọ́bà."

"Olúwa mi. Ó ń tọ́jú rẹ̀ ni. Bí ẹ bá ṣí irú àpótí bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ nínú ọyẹ́, inú rẹ̀ á yára gbẹ ju ẹ̀yìn lọ, á lọ́ tàbí kó là bíi tèmi yìí. Ọ̀rá ni à ń fi bo ẹnu rẹ̀ kí atẹ́gùn má baà wọ̀ ọ́." Ó mi orí. "Kò sí olè tó mọ ìyẹn. Ọ̀kan nínú wa ni."

*

Agogo mẹ́ta kọjá ogún ìṣẹ́jú. Moṣọpẹ́ jókòó lórí bẹ́ǹṣì ìta, ó gbé àpótí rẹ̀ lé itan. Mujeebah jókòó tì í, ó na ike ẹ̀pà kan sí i. Kò gbà á.

"Ẹ̀gbọ́n mi ti pè," ni Moṣọpẹ́ wí. "Ó ní òun ti wá àga tí màá jókòó lé. Ó ní ẹsẹ̀ rẹ̀ ń mì. Ó ní ṣebí mo mọ ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ àga, kí n wá tún un ṣe."

"Kí lo sọ fún un?"

"Mo ní kó dúró di agogo mẹ́rin."

Láti abẹ́ igi fúrúùtù, wọ́n gbọ́ tí àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Oyèdàmọ́lá ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín, ẹ̀rọ sì ń hó lábẹ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀.

"Jẹ́ ká ronú pọ̀," ni Mujeebah wí. "Ẹni tó mú un, ayígi ni. Ó fẹ́ kí o pàdánù, àmọ́ kò fẹ́ kí àpótí bàjẹ́. Ẹni tó tọ́jú àpótí, ṣé yóò ba ìdérí jẹ́?"

"Rárá. Kò ní lè ṣe é."

"Ṣé ó lè sọ ọ́ sínú igbó? Tàbí kó gbé e sórí òrùlé?"

"Nínú oòrùn? Ogún ìṣẹ́jú péré, á ti lọ́. Kò ní ṣe é."

"Kò sí nínú àpò ẹnikẹ́ni. Mikail ní ẹnikẹ́ni kò jáde ní géètì. Nítorí náà, ó wà nínú ọgbà yìí, ní ibi tó tutù, ní ibi tí kò sí ẹni tó máa bi í pé kí ni eléyìí. Báwo ni ìdérí náà ṣe rí gan-an? Ṣé ó ní orí tí wọ́n fi ń gbé e?"

"Kò ní. Ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ. Inú rẹ̀ ló ní etí róbótó tó ń wọ ẹnu àpótí. Bí ẹ bá gbé e kalẹ̀ láìsí àpótí, ẹ lè rò pé pákó róbótó lásán ni."

Mujeebah ń bó ẹ̀pà kan lọ́wọ́. Kò jẹ ẹ́. "Pákó róbótó lásán. Níbo ni pákó róbótó lásán ti wúlò fún yín?"

"Níbi gbogbo, mà. Bí èyí tí wọ́n ń ṣe lọ́hùn-ún yẹn. Bí a bá fẹ́ parí ìdí abọ́, a ó dojú abọ́ kọ ẹ̀rọ. Irin pẹrẹsẹ kan wà lẹ́nu ẹ̀rọ. A kì í jẹ́ kí ẹnu abọ́ kan irin yẹn, nítorí náà a ó fi pákó róbótó sáàárín, òun ni yóò ti abọ́ lẹ́yìn, irin ṣóńṣó kan a sì tẹ ìdí abọ́ mọ́ ọn láti òdìkejì. Pákó jákujàku ni. A kàn ń fi síkúrù kàn án mọ́ irin, bí a bá ṣe tán a sọ ọ́ sínú iná."

"Báwo ni ó ṣe máa ń pẹ́ tó láti parí ìdí abọ́ kan?"

"Abọ́ kékeré? Ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bí ẹni náà bá ń sọ̀rọ̀, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún."

Ìnsípẹ́kítọ̀ wo aago ọwọ́ rẹ̀. Ó wá gbé ojú sókè, ó wo igi fúrúùtù fún ìgbà pípẹ́. Ó da ẹ̀pà padà sínú ike.

"Gbé àpótí rẹ, ká lọ wòran," ló wí. "Rọra máa rìn."

*

Ó lé ní ogójì ènìyàn tó yí ẹ̀rọ náà ká. Bàbá Àyàntúndé ti jókòó síwájú, ó ń dúró kí àkókò tó láti dìde. Oyèdàmọ́lá di irin mú, ó fi ẹnu rẹ̀ kan ìdí abọ́ ìrókò náà bí ẹni tó ń fi ìyẹ́ kan ojú ọmọ tuntun. Èérún igi kan ṣoṣo jáde, ó tín-ínrín bí irun. Ó yọ irin kúrò. Ó sọ̀rọ̀. Ó sọ bí ọ̀gá rẹ̀ ṣe gbàgbé ìka rẹ̀ sẹ́nu ẹ̀rọ lọ́dún tí wọ́n ń kọ́ ọjà tuntun. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó tún fi irin kàn án.

Mujeebah kò wo ọwọ́ rẹ̀. Gbogbo ojú tó wà níbẹ̀ ló wà lára ìdí abọ́, níbi tí irin wà. Apá òsì ni òun ń wò, ibi tí abọ́ gbé fara ti ẹ̀rọ. Irin pẹrẹsẹ wà níbẹ̀. Pákó róbótó kan wà láàárín irin àti abọ́, ó ń yí kíkankíkan débi pé ojú kò lè mú nǹkan kan lára rẹ̀ ju àwọ̀ lọ. Ó pupa. Láàárín pákó náà àti irin, aṣọ rírọ̀ kan yọ etí díẹ̀ síta, aṣọ aláwọ̀ ìyeyè tí wọ́n fi ń nu ohun ọ̀ṣọ́.

Ó tẹ ẹnu mọ́ etí Moṣọpẹ́. "Pákó jákujàku tí ẹ ó sọ sínú iná, ṣé ẹ máa ń fi aṣọ tẹ́ ẹ lẹ́yìn kí irin má baà ha á?"

Moṣọpẹ́ wò ó. Ọwọ́ rẹ̀ le mọ́ àpótí.

"Rárá," ló wí.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, bọ̀dá!" ni Mujeebah wí sókè. "Ìdí abọ́ yìí kò tíì tán?"

"Ó kù díẹ̀, màdáàmù! Iṣẹ́ dáadáa kì í fẹ́ ìkánjú." Wọ́n rẹ́rìn-ín.

"Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni wọ́n sọ fún mi. Láti agogo méjì lẹ ti wà lórí ẹ̀. Ẹ dá a dúró ká wò ó."

"Bí mo bá dá a dúró báyìí, ojú rẹ̀ kò ní dán. Ẹ jẹ́ kí àwọn adájọ́ ṣe tán ná, gbogbo yín á wò ó."

"Lẹ́yìn agogo mẹ́rin?"

"Lẹ́yìn agogo mẹ́rin."

Ẹ̀rín ń kúrò lẹ́nu àwọn ènìyàn díẹ̀díẹ̀. Adédìpẹ̀, tó wà lẹ́yìn, ka nǹkan lórí ìka, ó sì la ẹnu sílẹ̀. Àwọn náà mọ ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ọ̀rọ̀ dídùn ni kò jẹ́ kí wọ́n kà á.

Mujeebah kò sún mọ́ ẹ̀rọ. Ó kọjú sí ilé jẹnẹrétọ̀, níbi tí olùṣọ́ gbọ̀ngàn jókòó sí.

"Mikail! Pa á."

Mikail kò béèrè ìdí. Jẹnẹrétọ̀ wúkọ́, ó dákẹ́. Ariwo ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀, ó ń di ìkùn, ó ń di èémí. Oyèdàmọ́lá na ọwọ́ mú aṣọ iṣẹ́ tó wà léjìká rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ dà á bo ẹ̀rọ.

"Fi aṣọ yẹn sílẹ̀," ni Bàbá Àyàntúndé wí láti orí ìjókòó rẹ̀. Kò gbé ohùn sókè. Oyèdàmọ́lá sọ aṣọ náà kalẹ̀.

Abọ́ náà ń yí, ó ń falẹ̀. Àwọ̀ pupa tó wà lẹ́yìn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ní ìlà. Ìlà di ojú igi. Ojú igi ní etí, etí náà rí róbótó, wọ́n ti kùn ún títí ó fi ń dán, ó sì gbá ẹnu abọ́ ìrókò mọ́ra bí ẹni pé ara wọn ni wọ́n ṣe é fún. Ó yí lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó dúró.

Kò sí ẹni tó nílò kí wọ́n sọ fún un pé ìdérí náà nìyẹn. Ó fẹ́ẹ̀ tó wákàtí méjì tí ogójì ènìyàn ti fi ń wò ó.

"Mi ò fi síkúrù kàn án, mi ò sì jẹ́ kí irin kàn án," ni Oyèdàmọ́lá wí. Moṣọpẹ́ ló ń bá sọ̀rọ̀, kì í ṣe ọlọ́pàá. "Ẹ wò ó. Kò sí ibi tí mo ha."

Bàbá Àyàntúndé wo aago. Ó ku ìṣẹ́jú mọ́kànlá.

Moṣọpẹ́ gbé àpótí rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ ẹ̀rọ, ó tú rọ́bà, ó ká ọ̀rá kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ó wá na ọwọ́ méjèèjì sábẹ́ ìdérí náà, ó tẹ́ wọn sílẹ̀ dè é.

"Ẹ rọra tú u, ọ̀gá," ló wí fún Oyèdàmọ́lá. "Ẹ má jẹ́ kó bọ́."